Mo Ń Kọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ Ní Ìlúwẹ̀ẹ́ Lórí Bẹ́ǹṣì

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn. N kò lè gbé e mì, n kò sì lè tu ú dànù. Mo ti rò pé èmi àti òun ni a ó jọ wọ sàréè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ohun kan ṣẹlẹ̀ létí omi tó jẹ́ kí n mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ lè kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ mi. Mo ti yí orúkọ gbogbo èèyàn tó wà nínú ìtàn yìí padà. Mo sì ní ìdí tí mo fi yan ojú ìwé yìí láti jẹ́wọ́, ẹ ó rí i tó bá yá. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín níbì kan, n kò ní bínú. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní ẹlòmíràn ló ṣe é.

Agbẹ̀mílà ni mí ní etí adágún omi ńlá kan nílùú Ìbàdàn níbí. Ìjọba tún ibẹ̀ ṣe fún ìgbádùn gbogbo èèyàn. Bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ igi, jangirọ́fà wà fún àwọn ọmọdé, àtíbàbà wà tí ẹbí lè jókòó sí jẹun. Ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n fi bíríkì kọ́ wà, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Ọkọ̀ mẹ́rin wà lójú omi fún ẹni tó bá fẹ́ gbafẹ́. Ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn èèyàn a máa ti Bódìjà àti Ring Road wá pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì àti mínírà. Èmi a jókòó lórí àga gíga kan báyìí, nínú ṣòkòtò péńpé pupa, pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, kí ẹnikẹ́ni má baà kú sómi.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé n kò mọ̀wẹ̀.

N kò sọ pé mo mọ̀ ọ́n díẹ̀ o. Bí ẹ bá jù mí sínú omi, bí ọmọ ọlọ ni mo ṣe máa lọ sísàlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n télọ̀ ni wọ́n, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé Mọ́kọ́lá, wọn kì í sì í lọ sílé àfi bí èèyàn wọn bá kú. Mọ́kọ́lá ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo gbé dàgbà. Omi tó jìn jù lọ tí mo mọ̀ ni èyí tó wà nínú àmù ìyá mi. Mo ti hu irùngbọ̀n kí n tó fi ojú mi rí ọkọ̀ ojú omi.

Koríko ni mo ń gé níbi adágún náà nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kan, Ọ̀gá Làmídì, ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀, kó gbogbo wa jọ. Wọ́n ní ìjọba ní kí àwọn yan agbẹ̀mílà kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní ìlú bàbá wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni kejì ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní kí òun náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá kàn mí.

“Ìlàjẹ ni, sà.”

“Ó parí!” Ọ̀gá Làmídì pàtẹ́wọ́. “Ẹ bá mi gbé ṣòkòtò pupa yẹn wá.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, Mọ́kọ́lá ni wọ́n bí mi sí o.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè ibi tí wọ́n bí ọ sí? Ìlú bàbá rẹ ni mo bi ọ́. Àbí wọ́n máa ń kọ́ ọmọ ẹja ní ìlúwẹ̀ẹ́ ni?”

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bí tiwa ṣe rí. Èèyàn lè má sùn ní ìlú bàbá rẹ̀ rí, ibẹ̀ náà la ó máa pè ní ilé rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Kánò, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ọmọ Ìlàjẹ tí kò rí òkun rí, ọmọ olómi náà ni. Mo fẹ́ sọ òtítọ́. Mo wo ṣòkòtò pupa náà, mo wo àdá tó wà lọ́wọ́ mi, òòrùn sì mú gan-an lọ́jọ́ náà. Mo dákẹ́. Bí mo ṣe pa irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, n kò tilẹ̀ la ẹnu.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo èèyàn ti ń pè mí ní Ẹja.

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Èmi tí n kì í ṣe òmùwẹ̀, orí àga mi ni mo jókòó sí. Mo ronú pé bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ omi, ẹnikẹ́ni kò ní kú sómi, èmi náà kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ́ sí i. Ni mo bá lọ sí Dùgbẹ̀, mo ní kí ẹni tó ń kọ pátákó bá mi kọ ọ́ gàdàgbà pé OMI KÒ GBỌDỌ̀ KỌJÁ ORÚNKÚN, ÀṢẸ ÌJỌBA. Ẹ jọ̀ọ́, ìjọba kò pa àṣẹ kankan. Èmi ni ìjọba.

Bí omi bá ti kan ẹnìkan lókè ojúgun, mo ti fọn fèrè. Mo so àwọn ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ igi pẹ̀lú okùn gígùn bí ẹni so ewúrẹ́. Bí ẹni tó ń gbafẹ́ bá wa ọkọ̀ dé ìwọ̀n kan, okùn á fà á padà. Àwọn ọmọ Yunifásítì tí wọ́n ń ti Agbowó wá bínú sí mi títí. Ọ̀kan nínú wọn dúró sísàlẹ̀ àga mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Oga Ẹja, abeg, na lake be dis abi na basin?”

Mo fọn fèrè sí i.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìyìn ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ọ̀gá Làmídì ń sọ fún àwọn àlejò pé láti ìgbà tí Ẹja ti dé, kò sí ẹni tó kú sómi yìí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sí ẹni tó lè kú síbi tí omi kò ti dé itan ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi òfin orúnkún yọ mí lẹ́nu gidi ni Bàbá Oyèdèjì. Ọ̀gá ilé ìwé kan ní Bódìjà ni wọ́n, díákónì sì ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Èèyàn kúkúrú ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohùn wọn gùn jù mí lọ. Wọ́n kó àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, pásítọ̀ wà níwájú. Mo nawọ́ sí pátákó mi.

“Ọ̀dọ́mọkùnrin,” ni Bàbá wí, “ìrìbọmi la wá ṣe. A kò wá fọ ẹsẹ̀.”

“Òfin ìjọba ni, sà.”

“Jésù Olúwa kò dúró ní orúnkún nínú Jọ́dánì!”

“Koríko abẹ́ omi kò sí ní Jọ́dánì, sà. Tiwa níbí máa ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀.”

A jiyàn títí. Nígbẹ̀yìn, pásítọ̀ kúnlẹ̀ sínú omi, wọ́n sì ń tẹ́ àwọn èèyàn náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tẹ́ ẹní, kí omi lè bò wọ́n. Ẹni tó kẹ́yìn ni ọmọ Bàbá fúnra wọn, Àbẹ̀kẹ́. Ọmọbìnrin gíga ni. Bí pásítọ̀ bá ti orí rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ. Bí wọ́n bá tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, orí á tún yọ. Láàárín ìrìbọmi náà ni Àbẹ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó jáde, ẹrẹ̀ ti bo aṣọ funfun rẹ̀ láti èjìká dé ilẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Orúnkún.” Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Mo wá mọ̀ pé n kò sí lọ́wọ́ ara mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi bọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ló kù yìí.

Ní Mọ́ńdè Àjíǹde tó tẹ̀lé e, èrò pọ̀ létí adágún náà débi pé bẹ́ǹṣì kò tó. Bàbá Oyèdèjì mú ìdílé wọn wá. Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n dé fìlà òyìnbó, wọ́n mú agboòrùn dání. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya fótò lójú omi. Bàbá nìkan ló wọ ọkọ̀, wọ́n dúró nínú rẹ̀, wọ́n ṣí agboòrùn. Onífótò wà lórí ilẹ̀, ó ti fi aṣọ dúdú bo orí. Ó ń sọ pé, “Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, sà. Díẹ̀ sí i, sà.”

Bàbá sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Omi gbé wọn mì.

Gbogbo èrò yíjú sí mi. “Ẹja! Ẹja! Ẹja o!” Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Mo fọn fèrè sí omi náà, bí ẹni pé yóò gbọ́. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo ká a. Mo tún un ká, mo gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Mo bọ́ bàtà mi, mo kó ìbọ̀sẹ̀ mi sínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, mò ń dúró kí ẹlòmíràn wọ omi ni. Kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ fún nígbà tí Ẹja wà níbẹ̀?

Ìgbà náà ni mo rí Àbẹ̀kẹ́. Ó káwọ́ lérí, ó ń wo ojú mi. “Ẹ gbà mí, bàbá mi nìyẹn!”

Mo di ojú mi, mo ju ara mi sómi.

N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo mu omi yó. Mo bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kẹtàlélógún, ibi omi dídákẹ́ rọ́rọ́ ni mo dé tí kò tún lọ mọ́. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn. Bàbá Oyèdèjì ni. Wọ́n fẹ́ gùn mí bí ẹni gun igi. Mo na ẹsẹ̀ mi láti tàpá, ẹsẹ̀ mi sì kan ilẹ̀.

Mo dìde dúró. Àyà mi ni omi náà mọ.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni. Omi ti fà. Bàbá kúrú, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Èmi ga, àyà mi ló dé. Omi tí mo ti fi ń dẹ́rù ba gbogbo Ìbàdàn, mo dúró nínú rẹ̀ bí ẹni dúró de bọ́ọ̀sì. Okùn tí mo fi so ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí ẹnikẹ́ni ì bá dì mú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí rẹ̀.

Ká ní olóòótọ́ ni mí, ń ṣe ni mo máa fi ẹsẹ̀ rìn jáde, tí n ó sì sọ fún àwọn èèyàn pé kò jìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń hó, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Mo tẹ orúnkún mi títí omi fi dé àgbọ̀n mi. Mo fi ọwọ́ òsì di kọ́là kóòtù Bàbá mú, mo wá ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá omi, mò ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń rìn lórí ilẹ̀ nísàlẹ̀. Láàárín ọ̀nà, orúnkún ro mí, mo gbàgbé, mo nà ró ṣánṣán. Ìgbà náà gan-an ni onífótò tẹ kámẹ́rà rẹ̀.

Wọ́n gbé mi lé èjìká. Ọ̀gá Làmídì ń sunkún, wọ́n ń sọ pé, “Mo ti wí! Ìlàjẹ ni!” Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, pásítọ̀ wàásù lé e lórí. Wọ́n ní Pétérù rì, ṣùgbọ́n Ẹja kò rì. Gbogbo ìjọ ní àmín. Èmi náà ní àmín.

Bàbá mú fótò náà, wọ́n ní kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá, wọ́n fi férémù sí i, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ wọn ní Bódìjà. Nígbà tí àwọn èèyàn mi lọ tọrọ Àbẹ̀kẹ́, Bàbá kò bi mí ní ìwé tí mo kà. Wọ́n ní, “Ẹni tó fún mi ní ẹ̀mí, kí ni mo fẹ́ fi dù ú?” Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Mo bi Àbẹ̀kẹ́ léèrè lẹ́yìn ìgbéyàwó wa pé kí ló rí lára mi. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì mi ni. Ó ní, “Ẹlòmíràn ì bá sáré wọ omi bíi wèrè. Ẹ̀yin ká aṣọ yín. Mo sọ fún ara mi pé ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó báyìí ni mo fẹ́.” N kò lè sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé n kò gbìyànjú láti kọ́ ọ. Mo ń ki orí bọ inú garawa nínú ilé ìwẹ̀ láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sé èémí. Ìyàwó mi ká mi mọ́bẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Bàbá Káyọ̀dé, kí lẹ ń wá níbẹ̀?” Mo ní mò ń wò ó bóyá omi náà mọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú omi mọ́ sí gbogbo omi ilé wa.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ síbẹ̀, bóyá n kì bá tí kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún yìí, Bàbá pè mí. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ọmọ kankan rí ohun tí ojú àwọn rí nínú omi. Wọ́n ní gbogbo ọmọ kíláàsì karùn-ún ilé ìwé àwọn gbọ́dọ̀ mọ̀wẹ̀, àti pé ta ni yóò kọ́ wọn bí kò ṣe ọmọ àwọn, Ẹja?

Mo ní, “Bàbá, orí ilẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ o.”

Wọ́n ní, “Ìpìlẹ̀! Mo mọ̀ pé òye wà lórí rẹ.”

Bí mo ṣe kó ogójì ọmọ sórí pápá nìyẹn. Wọ́n to bẹ́ǹṣì, àwọn ọmọ dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ́yìn, ọwọ́ níwájú. Èmi ń rìn láàárín wọn pẹ̀lú fèrè mi. “Gbá! Fà! Mí! Gbá! Fà! Mí!” Ẹ̀kọ́ náà dùn wọ́n débi pé bẹ́ǹṣì mẹ́ta ló kán. Àwọn tíṣà láti ilé ìwé mìíràn wá wò wá, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣe ìdánwò fún wọn ní ìparí sáà, mo fún wọn ní ipò. Fọlá, àbúrò ìyàwó mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ṣe ipò kìíní. Bí ọmọ náà bá ń lúwẹ̀ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, ẹ ó fẹ́ràn láti wò ó.

Mo ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ omi kò ní dé láé. Ó ti fẹ́ dé báyìí. Bàbá ti mú ọjọ́ ìsinmi òmìnira tó ń bọ̀ yìí. Wọ́n ti pe gbogbo òbí wá sétí adágún. Ọ̀gá Làmídì ti gbà pé òfin orúnkún kò kan àwọn ọmọ Ẹja. Èmi ni mo máa ṣáájú, ogójì ọmọ á tẹ̀lé mi, a ó sì lúwẹ̀ẹ́ kọjá sí òdìkejì. Òjò ọdún yìí sì ti kún omi náà. Mo fi ọ̀pá gígùn kan wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá náà kò kan ilẹ̀, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò rí i mọ́ títí di òní.

Ó wá ku ti Sátidé tó kọjá. Mò ń jẹ mọ́ínmọ́ín lábẹ́ àtíbàbà. Mo gbé ojú sókè, mo rí aṣọ ọmọdé kan lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti ká a, wọ́n tún un ká. Bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ wà nínú bàtà. Gbogbo ọmọ ilé Bàbá Oyèdèjì ló mọ ìtàn náà bí ẹni mọ Àdúrà Olúwa, wọ́n mọ̀ pé Ẹja kì í wọ omi láìká aṣọ.

Mo wo omi. Fọlá wà níbẹ̀, omi ti dé àyà rẹ̀, ó ń lọ síwájú, ó ń sọ ọ́ sókè pé, “Gbá! Fà! Mí!”

Mo sáré. N kò rí fèrè mi. Mo pariwo orúkọ rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bùọ̀dá, ẹ fi mí sílẹ̀! Mo ti mọ̀ ọ́n! Èmi ni mo ṣe ipò kìíní!”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbá àjẹ̀ ọkọ̀ kan mú, mo wọ omi títí ó fi dé ìgbáròkó mi. N kò lè kọjá ibẹ̀. Mo na àjẹ̀ náà sí i. Mo ní, “Fọlá, di èyí mú, ká fi ṣeré.” Ó rò ó wò díẹ̀, omi ti dé ọrùn rẹ̀. Ó dì í mú. Mo fà á jáde bí ẹni fa garawa nínú kànga.

Inú bí i. Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n ṣe é? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.” Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, n kò lè dìde. Ọmọ náà wá gbàgbé ìbínú rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. “Bùọ̀dá, ṣé ara yín ò yá ni?” Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, irú èyí tí kò bà mí nígbà tí èmi fúnra mi ń mumi. Mo fún un ní mọ́ínmọ́ín tó kù, mo ní kó má sọ nílé. Mo tún fi irọ́ bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà, mo ti lọ sí Bódìjà láti jẹ́wọ́. Mo bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń nawọ́ sí fótò náà fún àlejò. Ọdọọdún ni omi ìtàn náà ń jìn sí i. Lọ́jọ́ yẹn, ó ti jìn ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Àlejò náà, ìyá àgbàlagbà kan, di ọwọ́ mi mú, ó ń súre fún mi. Mo ní mo wá kí wọn lásán ni, mo sì padà sílé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí n lọ bá bàbá ìyàwó mi, kí n sọ òtítọ́. N kò ní ẹnu tí n ó fi sọ ọ́. Nílẹ̀ wa, ẹni tó dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀, ó máa ń wá onípẹ̀ ni. Ẹ̀yin ni mo fi ṣe onípẹ̀. Gbogbo yín tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ bá mi bẹ Bàbá.

Ìdí tí mo sì fi yan ojú ìwé yìí nìyí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, kí a tó jẹun, Bàbá máa ń kà á sókè fún gbogbo ilé, wọn á sì dá ẹjọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bọ́ awò ojú yín. Mo mọ̀ pé ẹ ti dá mi mọ̀ láti ibi ṣòkòtò pupa, orúkọ tí mo yí padà kò tàn yín. Mo mọ̀ pé ohùn yín ti lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kì í fi ìwé sílẹ̀ láìkà á tán, ẹ kà á dé òpin.

Ẹ gbé ojú sókè wo fótò tó wà lára ògiri. Ẹ wò ó dáadáa, sà. Ta ló ń lúwẹ̀ẹ́ lóòró?

Àbẹ̀kẹ́, ìbẹ̀rù ló ká ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, kì í ṣe ìfọ̀kànbalẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo rí tí mo fi bẹ́ sómi, n kò sì mọ̀wẹ̀, n kò sì mọ̀ pé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, rántí èyí náà mọ́ mi. Fọlá, ipò kìíní rẹ kì í ṣe ti inú omi. Má lọ síbẹ̀ mọ́.

Bàbá, ẹ lé mi, ẹ gbé fótò yẹn kúrò, ẹ gba orúkọ Ẹja lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí ọmọ kankan má wọ omi yẹn lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ wá wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí mo máa ń jókòó sí. Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ lẹ́yìn, ọwọ́ níwájú. Orí ilẹ̀ nìkan ni mo ti mọ̀wẹ̀.